Ihò Etí Òkun Tí Wọ́n Ní Kí N Fò Kọjá

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu ọ̀nà sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó ti ìwé yìí pé òun fẹ́ ka ìròyìn ẹni tó lọ jayé nílùú òyìnbó. Mo ti lọ sí etí òkun, mo ti padà sí Calgary, mo ti jẹun, mo ti sùn, mo ti jí, inú náà ṣì ń bí mi. Ìyá mi ní kí n mu omi tútù sí i. Mo ti mu ún. Kò lọ.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ń bi mí lórí fóònù pé, "Délé, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?", ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní yára sọ ọ́, torí pé àìyára gan-an ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí, ẹ ó sì rí i níwájú. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ wá ìwé ẹlòmíì kà.

Kàlẹ́ńdà inú pálọ̀ wa

Bàbá mi, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún un, akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ símẹ́ǹtì kan nítòsí Abẹ́òkúta. Àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ náà la pápá gọ́ọ̀fù kékeré kan sẹ́yìn ọ́fíìsì wọn. Ẹni tí kò bá mọ gọ́ọ̀fù, kò le: ẹ ó fi igi onírin gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹ ó máa rìn tẹ̀ lé e títí yóò fi kó sínú ihò tí wọ́n ri àsíá mọ́. Bó bá ti wọlé, ẹ ó gbọ̀nà ihò mìíràn lọ. Ihò méjìdínlógún ni, ó tán. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, bàbá mi àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ jogún pápá náà.

Níbi tí ihò wà ní tiwa, kì í ṣe koríko. Iyanrìn ni, tí wọ́n da epo dúdú lé, tí wọ́n wá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ tán, ẹ ó mú pákó, ẹ ó tẹ́ iyanrìn náà padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ipa ẹsẹ̀ yín má bàa ṣì í lọ́nà. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ iyanrìn fún ẹni ẹ̀yìn, bàbá mi kì í bá a jẹun pọ̀.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá bàbá mi ló fi ránṣẹ́ sí i láti Canada lẹ́yìn tó padà sílé. Ọdún tó wà nínú kàlẹ́ńdà náà ti kọjá kí n tó wọ iléèwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: ihò gọ́ọ̀fù kan létí òkun. Ẹ ó dúró lórí àpáta kan, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù kó fò kọjá lórí omi, kó lọ balẹ̀ lórí àpáta kejì níbi tí koríko ti tutù minijọ. Lẹ́yìn koríko náà, ilé iná funfun kan tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi dúró ṣánṣán.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á nàka sí i. "Ihò yẹn, èmi á gbá a."

Ìyá mi á ní, "Ẹ kọ́kọ́ dí èyí tó wà lára òrùlé wa ná."

Bàbá mi ò gbá a. Ó kú, ó fi igi kan sílẹ̀ fún mi nínú gbogbo igi gọ́ọ̀fù rẹ̀, igi onírin kan tó fúnra rẹ̀ fi awọ ewúrẹ́ wé níbi ìdìmú. Nígbà tí mò ń bọ̀ wá kàwé ní Canada, ìyá mi ò kìlọ̀ òtútù fún mi, kò kìlọ̀ obìnrin. Igi náà ló gbé lé mi lọ́wọ́.

"Bá a gbá ihò yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wí. Kó o wá sọ bó ṣe rí fún mi."

Ohun tí mo bá lọ nìyẹn. Kò sí òmíràn.

Hey, Délé

Inú basement kan, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní àdúgbò Rundle ní Calgary ni mò ń gbé. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwé ìròyìn tí a ká sí méjì lọ, ó sì wà lókè lábẹ́ àjà. Bí mo bá wo òde, ẹsẹ̀ ni mò ń rí. Mo ti mọ bàtà gbogbo àdúgbò kí n tó mọ ojú ẹnì kankan. Ẹ̀kọ́ nípa ààbò níbi iṣẹ́ ni mo wá kọ́: ohun tí a ó ṣe kí òṣìṣẹ́ má bàa já lórí àkàbà, kí iná má gbé e. Nínú kíláàsì wa, èmi nìkan ni irùngbọ̀n mi ti ń funfun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa wọlé, ọmọ tí mo lè bí, ó wojú mi, ó ní, "Hey, Dele!"

Mo wẹ̀yìn bóyá Délé mìíràn ló jókòó lẹ́yìn mi. Èmi tí gbogbo iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Délé, tí ìyàwó mi gan-an ń pè ní Bàbá Fẹ́mi!

Ti ìkíni wọn tún burú ju ti orúkọ lọ. Ọkùnrin kan wà nílé tó kángun sí tiwa tó máa ń bi mí láràárọ̀ pé báwo ni mo ṣe wà. Mo gbà á gbọ́. Mo dúró nínú snow, mo ní ara le, àmọ́ orúnkún mi ọ̀tún ń ro mí díẹ̀, àti pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi nílé. Kí n tó dé orí ojú, ó ti tan ọkọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Ṣé a máa ń bi ènìyàn léèrè ká sì sá fún ìdáhùn ni?

Ẹni tó kó mi yọ nínú gbogbo rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé. Bí mo ṣe ń pè é ní ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ̀jẹ̀ ò pa wá pọ̀ o. Yàrá iwájú ilé wa ni àwọn òbí wọn yá gbé ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé mi sí bí odò bá kún lọ́nà iléèwé. Yàrá tiwọn ò ní iná mànàmáná, nítorí náà pálọ̀ wa ló ti ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, lábẹ́ kàlẹ́ńdà yẹn gan-an. Lónìí, onímọ̀-ẹ̀rọ ńlá ni, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ilé rẹ̀ wà ní Mahogany níbi tí adágún omi wà láàrin àdúgbò bí ẹni pé wọ́n rà á mọ́ ilé ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà á wọnú gọ́ọ̀fù, torí pé orí pápá ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì.

Mo gbé igi bàbá mi lọ hàn án lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin rẹ̀, Tòfúnmi, ló kọ́kọ́ rí i.

"Uncle, is that, like, an antique?"

"Ti bàbá wa ni," ni mo wí.

"Cool," ló wí, ó sì bá ti ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n yí igi náà sọ́tùn-ún sósì, ó ń fọwọ́ pa awọ ewúrẹ́ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Délé! Àwọn ènìyàn ń gbé ẹ̀gúsí wá sí Canada, ìwọ gbé irin! Kí ni àwọn aṣọ́bodè bi ẹ́?"

"Wọ́n ní ṣé ọ̀pá ìtilẹ̀ mi ni."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú láti kíṣìnì. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó rọra gbé igi náà lé tábìlì. "Mo mọ ibi tó wà nínú kàlẹ́ńdà yẹn, Délé. Kì í ṣe àròsọ. Ìhà ìlà-oòrùn níbí, níbi tí ilẹ̀ Canada parí sí. Pápá àtayébáyé ni. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa lè bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà wá wọlé." Ó nàka sí mi. "Àmọ́ bí a bá débẹ̀, jọ̀ọ́, má kí gbogbo ènìyàn."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Edé tó tóbi bí ọmọ ọwọ́

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò ní dárúkọ pápá náà. Àwọn tó ni ín mọ ara wọn.

Òkun ló kọ́kọ́ kí wa, òun nìkan ló sì kí wa dáadáa. Òórùn rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ kí a tó rí i. Ní Èkó, òkun á máa bú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ti ibí yìí tutù lójú bí irin, ó kàn ń mí sókè sódò, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ sì ń wá etí ènìyàn bọ̀ bí abẹ́rẹ́. Oṣù tí wọ́n ń pè ní oṣù ooru la lọ o.

Obìnrin arúgbó tó ni ilé tí a wọ̀ sí gbé oúnjẹ alẹ́ wá. Edé ni, àmọ́ edé tó tóbi bí ọmọ ọwọ́, pupa fòò, tòun ti èékánná àti mùstáàṣì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá náà ti so aṣọ kan mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ ní ẹ̀kọ. Ọkùnrin tó ní ọmọ ní yunifásítì! Ó fi irin tí wọ́n fi ń fọ́ èèpo edé sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fọ́ oúnjẹ mi fúnra mi. Kò sí ata. Kò sí iyọ̀ tó tó. Bọ́tà yíyọ́ ni wọ́n ń tì í bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí."

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó yọ ìgò ata gígún kékeré kan jáde bí ẹni yọ oògùn olóró. Díákónì! "Ọdún tí mo ti ń gbé nílẹ̀ yìí kò kéré," ló wí, "mi ò tíì jáde láìmú u rí." A da ata náà sínú bọ́tà. Edé yẹn, mi ò ní purọ́, bó ṣe kan ata báyìí, ó dùn. Ó dùn dé ibi tí mo fi gbàgbé aṣọ ọrùn mi. Ohun rere tí mo ní sọ nípa ìrìn-àjò náà nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́.

Ìlú àwọn arúgbó

Pápá náà rẹwà, ó burú. Koríko ibẹ̀ ni wọ́n gé bí irun ọmọ ológun. Ní ihò àkọ́kọ́, mo gbá bọ́ọ̀lù mi wọlé, mo wá ń wo ilẹ̀ kiri.

"Kí lò ń wá?" ni Ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Pákó. Ká tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀."

"Délé, koríko ni! Kò sí iyanrìn. Máa bọ̀."

Mo fi bàtà mi rọra tẹ́ ibi tí mo dúró sí náà, nítorí pé ara kì í tètè gbàgbé. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí wọn: bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn wa, irun wọn funfun gbòò bí òwú, wọ́n fara ti igi wọn, wọ́n ń dúró dè wá nínú afẹ́fẹ́ yẹn.

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dáadáa. Kí lẹ ó ṣe? Ṣé ẹ ó máa ṣeré lọ, kí bàbá tó lè bí yín dúró lẹ́yìn yín nínú òtútù bí ẹni tó wá tọrọ owó? Mo ṣí fìlà, mo tẹríba, mo ní, "Please sir, please ma, kí ẹ máa kọjá." Wọ́n yọ̀, wọ́n ní mo ṣèèyàn, wọ́n kọjá. Òfin gọ́ọ̀fù gan-an fàyè gba bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá lọ́ra lè yà fún ẹni tó yá.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kò sí ọ̀dọ́ kan tó ń ṣeré níbẹ̀. Ìlú àwọn arúgbó ni. Àwọn wọ̀nyí kọjá tán, bàbá mẹ́rin kan yọ, ọ̀kan ń tiro. Mo yà fún wọn. Lẹ́yìn wọn, ìyá méjì. Lẹ́yìn ìyá méjì, bàbá kan tó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ, orí rẹ̀ á funfun, èmi á sì ṣí fìlà.

"Délé," ni Ẹ̀gbọ́n wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, "o ò ṣeré mọ́. O ti di ọlọ́pàá oríta."

"Ẹ̀gbọ́n, àgbà ni wọ́n."

"Wọn kì í ṣe bàbá rẹ!"

"Wọ́n jẹ́ bàbá ẹnìkan."

"Àwọn bàbá ẹnìkan ń lọ sílé lọ jẹun, ìwọ ń tò wọ́n bí ọkọ̀!"

Nígbà tí ebi dé, mo tú gàrí àti ẹ̀pà mi sórí àga onígi kan. Àwọn ìyá méjì yẹn wà nítòsí, wọ́n ń sinmi. Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Ọ̀kan ní, "I'm good." Mi ò bi í bóyá ènìyàn rere ni. Oúnjẹ ni mo fi lọ̀ ọ́. Ó wá yọ nǹkan kan bí ìṣù ọṣẹ jáde nínú àpò tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń dá a jẹ. Obìnrin tí mo yà fún! Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo òkun.

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́

Ọkùnrin kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kékeré kiri pápá náà, ó dé fìlà pupa, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan falẹ̀. Ó ti wá bá wa lẹ́ẹ̀kan, ó ní a ti pẹ́ ju àkókò tí wọ́n fún wa lọ, ká yára. Ó ní sorry. A yára. Àmọ́ arúgbó mìíràn tún yọ, mo sì yà.

Bí a ṣe gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò kẹẹ̀ẹ́dógún tán, tí a gun òkè kékeré kan, mo rí i.

Ẹ̀yin ará ilé, mo rí i. Àpáta kan níhìn-ín, àpáta kan lọ́hùn-ún, omi láàrin. Koríko tó tutù minijọ. Ilé iná funfun. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ti kàlẹ́ńdà wa ti pọ́n nítorí èéfín àtùpà tí a ń tàn bí iná bá lọ. Mo yọ igi bàbá mi nínú àpò. Mo gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ọkùnrin náà ní òun máa ní láti sọ fún wa pé ká gbé bọ́ọ̀lù wa, ká fo ihò yìí kọjá, ká lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tẹ̀ lé e. A ti pẹ́ jù. Sorry.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n tún un bi. Ó tún un sọ. Ihò yìí ni ká fò. Nínú ihò méjìdínlógún, èyí!

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní kì í ṣe ọ̀lẹ la ya, ọ̀wọ̀ ni. Mo ní gbogbo àgbà tó wà níwájú wa yìí, ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n kọjá. Ó ní ó dára gan-an pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, sorry, àmọ́ òfin ni.

Bàbá aláṣọ ìyeyè àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí koríko àpáta kejì. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo dúró kí bàbá náà sọ̀rọ̀. Nílé wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yẹ kó ké sí ọkùnrin yìí láti ọ̀hún pé, "Fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, àwọn ló fún wa láyè." Bàbá náà wò wá dáadáa. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí wa bí ẹni tó ń lọ nínú train. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi, tí kò sì tíì padà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo bi oníkẹ̀kẹ́ náà lédè òyìnbó, "ẹni ọdún mélòó ni yín?"

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Ẹ ṣé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yà fún àwọn tó jù mí lọ. Ìwọ ò jù mí lọ. Ìwọ lo máa dúró."

Mo sì di igi mi mú.

"Dele." Ohùn Ẹ̀gbọ́n ni, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. "Pick up the ball. Please." Ó súnmọ́ mi. Orúkọ ẹni tó gbà wá wọlé ló ń rò, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Òun ló máa bá ọ̀gá yẹn jókòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kì í ṣe èmi. "Dele, don't do this to me."

Ọ̀rọ̀ di kókó. Ẹ̀ ń rí i? Oníkẹ̀kẹ́, mo lè kọ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ẹni tó gbé mi kọjá odò? Àṣà tó ní kí n yà fún àwọn arúgbó yẹn, òun náà ló ní n ò gbọdọ̀ ja ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé nílẹ̀. Bí mo bá ti ń pọ́n àgbà lé láti àárọ̀, tí mo wá débí tó dùn mí, tí mo fi tàpá sí àgbà, kí ni mo ti ń ṣe bọ̀?

Mo tẹ̀ ba. Mo na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù náà. Mi ò tíì mú un.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "òyìnbó lẹ fi sọ ọ́. Ẹ fi èdè wa sọ ọ́ fún mi. Bí ẹ bá ti fi èdè wa sọ ọ́, màá gbé e, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́ láéláé."

Ó yanu. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo igi ọwọ́ mi, níbi tí awọ ewúrẹ́ ti ń tú díẹ̀ díẹ̀. Ó gbójú sókè sí ilé iná funfun yẹn, ó sì pẹ́ tó ti ń wò ó. Mo mọ ibi tó ti ń wò ó. Ilẹ̀ pálọ̀ wa ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ kò, ìwé ìṣirò wà lórí itan rẹ̀.

"Gbá a, jàre," ni Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé wí.

Ó sì yíjú sí oníkẹ̀kẹ́ náà, ó dúró sáàárín àwa méjèèjì bí ilẹ̀kùn, ó sọ lédè òyìnbó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, pé orúkọ òun nìyí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wù ú.

Mo gbá a. Bàbá mi, mo gbá a! Ohùn irin yẹn dún bó ṣe máa ń dún lẹ́yìn ọ́fíìsì símẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù náà gòkè, afẹ́fẹ́ bá a jà, ó ya díẹ̀, ó kọjá lórí omi, ó balẹ̀ sórí koríko àpáta kejì, tòò, nítòsí àsíá. Ẹ̀gbọ́n pariwo "Jésù!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yí. Lórí iyanrìn elépo wa, ibi tó balẹ̀ sí ló máa dúró. Koríko wọn kò mọ ìdúró. Ó yí, ó yí, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó dé etí àpáta, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wọ òkun lọ.



"Nice shot," ni oníkẹ̀kẹ́ náà wí. "Sorry."

Ó wá sọ fún wa pé ó ti parí, ká máa lọ sílé. Ó tẹ̀ lé wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu géètì bí ẹni ń da ewúrẹ́.

Ìbéèrè ìyá mi

Nínú ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọ̀nà. Mo rò pé ó ń bínú sí mi, mo sì ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí a rí ilé ìyá elédé lọ́ọ̀ọ́kán ló tó sọ̀rọ̀. "Bàbá ì bá ti gbá a wálẹ̀ díẹ̀," ló wí. "O gbé e sókè jù." Ó yọ ìgò ata rẹ̀, ó wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù. Títí di òní, mi ò bi í bí ọjọ́ Mọ́ńdè ṣe rí, òun náà ò sì sọ.

Mo padà dé basement mi ní Rundle, mo pe ìyá mi.

"Ṣé o gbá a?"

"Mo gbá a, Màmá."

"Ó wọlé?"

"Ó wọ òkun."

Mo ń gbọ́ adìyẹ rẹ̀ lẹ́yìn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Á bá a níbẹ̀. Ilé iná yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó funfun ju ti ara ògiri lọ."

Mo wá ro ẹjọ́ mi fún un látòkè délẹ̀: àwọn arúgbó tí mo yà fún, ìyá tó kẹ̀yìn sí mi jẹun, bàbá aláṣọ ìyeyè, sorry mélòó kan, àti ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó ní a ń fi nǹkan falẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó jẹ́ kí n rò ó tán.

"Délé," ló wá bi mí, "gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn yín, ṣé o ti jẹ́ kí wọ́n kọjá?"

"Gbogbo wọn, Màmá. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ẹ̀yìn wa dá páropáro."

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí. "Ta lẹ wá ń dá dúró?"